Ìgò U Mẹ́tàdínlógún

3

…torí náà láti àárín ni màá ti mú un, ẹ̀yin tí ẹ fìdí lélẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ojú ewé kìíní àti ìkejì, ikán ti bá wa kà wọ́n tán. Ẹ má fòyà. Ìtàn tí mo ṣèlérí kò bá wọn lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dá lé lórí, lẹ́tà ọ̀hún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìlú kan dà sí ààtàn.

Inú ọ̀rá dúdú kan ni mo ti bá gbogbo ìwé wọ̀nyí. Èmi ni mo tò wọ́n báyìí. Bí mo bá ṣì wọ́n tò, ẹ bá mi tún wọn tò.

4

Akíndélé ni orúkọ ọkùnrin náà. Àgbẹ̀ ni, ní Èmùré. Kòkó, iṣu, ẹ̀gẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ojú rẹ̀ sì mú ju ti ọmọ rẹ̀ lọ.

Rachael, ìyàwó rẹ̀, kú ní òjò èṣí. Ibà ni. Ní ọjọ́ kẹta, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè tó já bọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, ó tán.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n kán díẹ̀ sórí pébà. Pébà náà gbẹ. Wọ́n tì í sínú dúrọ́ọ̀. Kò sẹ́ni tó kà á.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù sọ́kàn Akíndélé. Kì í ṣe "kí ló pa á?" Èyí ni:

                Níbo ni ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́?
                Ulé àbí oko?

Nítorí òun ló ní kó bá òun lọ sóko kòkó lọ́sẹ̀ yẹn. Rachael ní ẹ̀yìn ń ro òun. Ó dá a lóhùn pé, "Jẹ́ á lọ jàre, kòkó kì í mọ ẹ̀yìn ríro."

Gbólóhùn yẹn ló ń jí i láràárọ̀.

5

Ìkéde. Ara ògiri ilé ìlera, nítòsí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí:

        Ẹ̀YIN ARÁ ÌLÚ
        Àwọn tí ẹ ń rí tí wọ́n ń mú ẹ̀fọn kiri kì í ṣe oníṣẹ́ ibi.
        Wọ́n ń wá fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ibà pọ́njú.
        Wọn kò gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.
        Ẹ̀jẹ̀ tó wà níkùn ẹ̀fọn ni wọ́n ń wò.
        Ẹ YÉ SỌ WỌ́N LÓKÒ.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan fi bírò kọ ọ́:

        ṣé wọ́n á dá tèmi padà?

6

Tinúọlá, ọmọ Ìkẹ̀rẹ́, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Dókítà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀fọn ló ń kọ́. Ó ń wá ẹni tó lè jókòó jẹ́ẹ́.

Wọ́n tọ́ka sí Akíndélé. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìjókòó jẹ́ẹ́ nìkan ló mọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún un ní ọ̀pá gíláàsì kan tí rọ́bà wà nídìí rẹ̀, tí àwọ̀n wẹ́wẹ́ dí i láàárín. Ẹ fi ọ̀pá bo ẹ̀fọn, ẹ fi rọ́bà sẹ́nu, ẹ fa èémí. Àwọ̀n ni kò ní jẹ́ kí ẹ gbé e mì.

Ẹ̀fọn tí wọ́n ń wá kì í ṣe ti òru. Ti ọ̀sán ni, dúdú, tó ní òrùka funfun lẹ́sẹ̀ bí agbábọ́ọ̀lù tó wọ ìbọ̀sẹ̀.

Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Bàbá Ẹlẹ́fọn. Ó ń jẹ́ wọn lóhùn.

Mo rí ohun tí Tinúọlá kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́:

        Wákàtí mẹ́ta, kò hukọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Kò sí ẹ̀fọn
        tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Mo ti kọ́ ogún èèyàn níṣẹ́ yìí, àwọn
        mìíràn ní dìgírì méjì. Kò sí èyí tó tó o.

Ìgò wọn kò gùn ju ìka lọ. Àyè ìkọ̀wé tó wà lára rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀. Ni Tinúọlá bá sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti mú un, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tì í. Lẹ́tà kan tó."

7

Lẹ́tà kan tó.

8

        K       ìgò mẹ́rìnlá
        Ẹ       ìgò mẹ́wàá
        U       ìgò mẹ́tàdínlógún

9

Wasáàpù. Ọjọ́ Ajé. Gabriel ló kọ ọ́, ẹni tó ń tọ́jú ìgò ní ilé àyẹ̀wò. Ọmọ Ìbàdàn ni.

        Dókítà Tinú, ẹ káàsán mà. Mo ti ka ẹrù Èmùré.
        K = kòkó. Ẹ = ẹ̀gẹ́. Wọ́n mọ́, wọ́n dáa.
        Fáírọ́ọ̀sì wà nínú K4! Oko ló wà!!
        U mẹ́tàdínlógún, mo ti fi wọ́n sí UNKNOWN.
        Ẹ mọ òfin wa: ìgò tí kò níbi kò níṣẹ́.
        Fìríìsà ti kún. Ọjọ́ Ẹtì la ó dà wọ́n nù.

10

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ká wo ohun tó wà nílẹ̀.

Bí wọ́n bá da U nù, oko kòkó nìkan ni yóò kù. Àwọn aláṣẹ ìlera yóò kó abẹ́rẹ́ lọ sí àbà. Kò sẹ́ni tí yóò wọ ààrin ìlú. Kò sẹ́ni tí yóò dojú ìkòkò kankan délẹ̀. Òjò sì ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Akíndélé ńkọ́? Oko ni wọn yóò sọ fún un. Òun ló sì mú un lọ sóko.

11

Ìpè fóònù. Ọjọ́ Ajé kan náà. Tinúọlá ló gbà á sílẹ̀; ó ní òun kì í gbára lé etí nìkan.

TINÚỌLÁ: Gabriel, má fọwọ́ kan U.
GABRIEL: Dókítà, kò níbi.
TINÚỌLÁ: Ó níbi. Ulé ni.
GABRIEL: Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?
TINÚỌLÁ: Ilé. Ibi tí wọ́n ti bí ẹ.
GABRIEL: Háà. Dókítà, kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó fi u bẹ̀rẹ̀. Tíṣà mi ní pírámárì ló sọ ọ́. Ẹgba ló fi kọ́ wa.
TINÚỌLÁ: Tíṣà ẹ ò dé Èkìtì rí. Ulé. Uṣu. Ugi. Uṣẹ́.
GABRIEL: Ẹ ò ní lẹ́tà i ni?
TINÚỌLÁ: A ní i. A kì í fi ṣòfò ni.
GABRIEL: (ń rẹ́rìn-ín)
TINÚỌLÁ: Ìwọ tó o ń jẹun lórí U! Lẹ́tà mélòó ni fáírọ́ọ̀sì fi ń kọ ara rẹ̀?
GABRIEL: Mẹ́rin. A, C, G… U.
TINÚỌLÁ: Ẹ̀hẹ́n. Fáírọ́ọ̀sì ní U, ará Èmùré ní U. Ìwọ nìkan ni kò ní.
GABRIEL: Mo túúbá. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ gbọ́ ti èmi náà. Ẹ ní uṣu náà ní U. Ṣé ilé ni bàbá yẹn ń sọ ni, àbí oko iṣu?
TINÚỌLÁ: Ṣàyẹ̀wò àwọn U yẹn fún mi ná. Màá lọ bi bàbá.

12

Ẹni tó bá fi sùúrù tú èèrà á rí ìfun rẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì rí ẹni tó ń tú ikùn ẹ̀fọn.

Ẹ wo iṣẹ́ wọn. Wọ́n á lọ ẹ̀fọn náà kúnná. Wọ́n á yọ ìwé inú rẹ̀ jáde, ìwé tí fáírọ́ọ̀sì fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ, tó sì gùn tó bí lẹ́tà ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ẹ̀rọ tó ń kà á kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ó ń kà á lọ, ó ń kà á bọ̀, kò rẹ̀ ẹ́.

Bí fáírọ́ọ̀sì bá sì ń bímọ, ó máa ń ṣi lẹ́tà kan kọ níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á fi àṣìkọ yẹn mọ ẹni tó bá ẹni tan, bí ìyá ìyàwó ṣe ń fi imú mọ ọmọ ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Gabriel rí fáírọ́ọ̀sì nínú U9.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú náà (Rónkẹ́, ọmọ Akíndélé, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó wà lórí ìwé ni mo tẹ̀ lé), Tinúọlá rántí pébà inú dúrọ́ọ̀. Ilé ìwòsàn fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí Akíndélé, ó buwọ́ lù ú, wọ́n sì yọ pébà náà fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ Rachael, tó ti gbẹ láti èṣí.

Ìwé mẹ́ta wá wà nílẹ̀ láti kà:

        K4      oko kòkó
        U9      ?
        R       Rachael

Ta ni Rachael bá tan, K4 àbí U9?

13

Fídíò kan. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìnlélógún. Tinúọlá ti fi han Akíndélé ṣáájú gbogbo èyí, níbi tí wọ́n jókòó sí lábẹ́ igi obì.

Wọ́n mú fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ti yọ eyín rẹ̀, tí kò lè pa ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n yá lẹ́tà díẹ̀ lára tannátanná, kòkòrò tó ń tanná nínú koríko, wọ́n rán an mọ́ ti fáírọ́ọ̀sì. Wọ́n fún ẹ̀fọn jẹ. Ibi tí fáírọ́ọ̀sì bá dé nínú ara ẹ̀fọn, ibẹ̀ yóò tanná. Ojú lásán kò lè rí i. Kámẹ́rà wọn ló ń rí i.

Nínú fídíò náà, ikùn ẹ̀fọn mọ́lẹ̀ rokoṣo. Ìmọ́lẹ̀ náà kò dé ẹnu.

"Ibodè kan wà láàárín ikùn àti ẹnu rẹ̀, Bàbá," ni Tinúọlá wí. "Ohun kan dá eléyìí dúró níbẹ̀. Èyí tó léyín máa ń kọjá. À ń tú àbùdá ẹ̀fọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ká lè mọ ẹni tó ń ṣọ́ ibodè. Tá a bá mọ̀ ọ́n, a lè bá a ti ìlẹ̀kùn."

Akíndélé wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ̀yin ọmọ yìí." Ó tún wò ó. Ó wá ní, "Ìyá Rónkẹ́ ì bá pe gbogbo àdúgbò wá wò ó."

14

Ọjọ́ Ẹtì. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìta ilé Akíndélé. Tinúọlá tún gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ẹni kẹta tó wà níbẹ̀ ni Christiana, àbúrò Rachael, tó gbé gààrì wá.

CHRISTIANA: Dókítà, ẹ jókòó síbí. Ẹ má fara kan àmù yẹn o. Àmù ọba ni.
AKÍNDÉLÉ: Christiana.
CHRISTIANA: Mo ní kí wọ́n má fara kàn án ni.
TINÚỌLÁ: Bàbá, ẹ kú uṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló gbé mi wá.
AKÍNDÉLÉ: Ọ̀rọ̀ kékeré kì í gun ọ̀kadà láti Ìkẹ̀rẹ́ wá sí Èmùré. Sọ ọ́.
TINÚỌLÁ: U tẹ́ ẹ kọ sára ìgò. Ulé ni àbí uṣu?
AKÍNDÉLÉ: (rẹ́rìn-ín) Ẹ̀yin ará Ìkẹ̀rẹ́! Uṣu wo? Nígbà yẹn, ebè lásán ló wà lóko uṣu mi. Kò tíì hu. Kí lẹ̀fọn ń wá lórí ebè gbígbẹ?
CHRISTIANA: Bóyá ó fẹ́ jẹ iyán.
AKÍNDÉLÉ: Ulé ni. Gbogbo ẹ̀, láti ìkínní dé ìkẹtàdínlógún. Mo rò pé ó yé yín.
TINÚỌLÁ: Ó yé mi. Kò yé wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n fẹ́ dà á nù lónìí.
AKÍNDÉLÉ: Wọ́n fẹ́ da ulé nù?
TINÚỌLÁ: Èmi ni mo jẹ̀bi, Bàbá. Èmi ni mo ní lẹ́tà kan tó.
AKÍNDÉLÉ: Kò burú. Pè wọ́n.

(Tinúọlá pe Gabriel. Ó ní: "Ulé ni. Gbogbo ẹ̀." Gabriel ní: "Ó ti wọlé." Fóònù kú.)

TINÚỌLÁ: Ó ku ẹyọ kan. Ìkẹsàn-án. Fáírọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀. Ibo nínú ulé lẹ ti mú un, Bàbá?

(Ewúrẹ́ kan ké.)

CHRISTIANA: Bàbá Rónkẹ́, wọ́n ń bi yín léèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ni, mo lè sọ ọ́. Omi kì í ṣe fọ́tò, Bàbá Rónkẹ́.

15

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

16

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ sóko kòkó yẹn, Rachael pọnmi. Ó pọn ọ́n kún àmù tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kó tó so gèlè mọ́ ẹ̀yìn tó ń ro ó, kó tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn, kò pọnmi mọ́.

Akíndélé kò bu omi náà. Kò dà á nù. Bó bá fà, òjò á ti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kún un. Lẹ́ẹ̀mejì ni Rónkẹ́, ọmọ wọn, ti wá láti Ìsẹ̀ pẹ̀lú kànrìnkàn láti fọ àmù náà, lẹ́ẹ̀mejì ni bàbá rẹ̀ gbé àga síwájú àmù, tó jókòó. Kò bá a jà. Ó kàn jókòó.

Ibi tó jókòó sí náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀fọn.

Ẹ bá mi fara balẹ̀ wo èyí, torí òun ni mo ṣe gbé ìtàn yìí kọ́rùn. Ọkùnrin náà rí ìbọ̀sẹ̀ funfun yẹn tó ń ti ẹnu àmù ìyàwó rẹ̀ jáde. Ó mọ ohun tó lè túmọ̀ sí. Ì bá yíjú. Ì bá fọ́ ìgò. Ó fi ọ̀pá bò ó, ó fa èémí, kò ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ó kọ U. Ó kọ 9. Ó fi í sínú àpò pẹ̀lú àwọn yòókù.

Kò kọ "àmù Rachael."

Wọ́n ṣáà ti ní lẹ́tà kan tó.

17

Ó dìde. Ó lọ fọwọ́ lé etí àmù.

"Ibí," ló wí.

18

Fóònù Tinúọlá dún. Ojú fóònù náà kò gba ju ìlà mẹ́ta lọ:

        GABRIEL
        Dókítà, ìwé ẹ̀jẹ̀ ìyá yẹn ti jáde. K4 àti U9 ò jọra
        rárá. Èyí tó bá ìyá náà tan gan-an ni…

19

Títí dìgbà yìí, èmi kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rí i nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbígbà sílẹ̀ náà ṣì ń lọ.

TINÚỌLÁ: Bàbá. Èsì ti dé. Ti Ìyá. Ká ṣí i?
AKÍNDÉLÉ: Fi í sílẹ̀ ná.
CHRISTIANA: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè láti èṣí!
AKÍNDÉLÉ: Bó bá jẹ́ oko, màá da omi yìí. Àbí?
TINÚỌLÁ: Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.
AKÍNDÉLÉ: Bó bá jẹ́ ulé, màá da omi yìí.
TINÚỌLÁ: Bẹ́ẹ̀ ni.
AKÍNDÉLÉ: Ẹ jẹ́ kí n dà á kí n tó mọ̀. Bí mo bá mọ̀ tán kí n tó dà á, ó lè dà bí ẹni pé ìbínú ni mo fi dà á. Mi ò bínú sí i. Ó pọnmi ni.

(Christiana bú sẹ́kún. Ewúrẹ́ kan ké.)

TINÚỌLÁ: Ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á. Ìgò kan. Ó wúlò fún wa.
AKÍNDÉLÉ: Ẹ óò tọ́jú ẹ̀?
TINÚỌLÁ: Nínú yìnyín. Kò ní bàjẹ́. Kò ní gbẹ.
AKÍNDÉLÉ: Fún mi ní bírò.

20

Ìgò kejìdínlógún. Ohun tó wà lára rẹ̀, ó kọ ọ́ yí ìgò po lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré bí ẹyin ẹ̀fọn:

        U L É.  À M Ù  R A C H A E L.  È M Ù R É.

21

Lẹ́yìn náà ni òun àti Christiana di àmù mú létí méjèèjì, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ sídìí àwọn ata tó wà lẹ́bàá ògiri. Ilẹ̀ gbẹ, ó mu ún. Àwọn ọmọ ẹ̀fọn ta pọ́nún-pọ́nún lórí erùpẹ̀ fúngbà díẹ̀.

22

Ìwé pélébé, ara fìríìsà, ilé àyẹ̀wò tí mi ò ní dárúkọ:

        U = ULÉ.
        MÁ DÀ Á NÙ.
                Gabriel

23

Rónkẹ́, ọmọ wọn tó ń ṣe tíṣà ní Ìsẹ̀, ló kó ọ̀rá dúdú náà lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé, ẹnu Christiana ló ti gbà á, Christiana sì fojú ara rẹ̀ rí i.

Mo bi Rónkẹ́ pé kí ló parí ìlà yẹn. Oko ni àbí ulé?

Ó ní Dókítà ṣí i. Dókítà kà á, ó gbé fóònù fún bàbá òun. Bàbá òun náà kà á, ó sì pẹ́ lórí ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó ní, ó wọlé lọ mú kànrìnkàn.